Àwọn Tó Ń Lọ Láìrí Dókítà: Ìtàn Bẹ́ǹṣì Ìdúró ní Ẹ̀ka Pàjáwìrì

Ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, irú aláìsàn kan wà tí ìwé àkọsílẹ̀ kì í rí ohun púpọ̀ sọ nípa rẹ̀. Ó wọlé, ó forúkọ sílẹ̀, ó jókòó, ó dúró títí, ó sì dìde lọ kó tó kan dókítà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n á kọ ọ́ síwájú orúkọ náà pé ó ti lọ, wọ́n á sì pe ẹni tó kàn. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé àìsàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò le. Pé bó bá le ni, kò ní lè dìde. Ìtàn yàrá ìdúró fúnra rẹ̀ ta ko èrò yìí. Ohun tó ń lé aláìsàn lọ ti wà nínú ilé náà kí òun tó gbé ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, òmíràn nínú rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ láti ohun tó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn.

Owó àánú ni wọ́n fi gbé àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó dìde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ró, irú bíi London Hospital tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1740. Àwọn olówó tó ń dá owó ọdọọdún fún un ló ní àṣẹ láti kọ lẹ́tà fún tálákà tó fẹ́ gba ìtọ́jú. Ìránṣẹ́ ilé, alágbàṣe, opó àdúgbò, ẹni tí olówó bá mọ̀ ló ń rí lẹ́tà gbà. Ẹni tí kò ní alágbàwí, ìta ló máa wà. Àwọn tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí nìkan ni òfin yìí kò mú. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin gùn mọ́lẹ̀, ẹni tó já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́, ẹni tí omi gbígbóná bó, wọ́n ń gbà wọ́n wọlé tọ̀sán-tòru láìbéèrè lẹ́tà. Ilẹ̀kùn kékeré yìí ni ẹ̀ka pàjáwìrì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé òun nìkan ni ilẹ̀kùn tí wọn kì í ti í béèrè lẹ́tà, àwọn tí ara ń ni tí wọn ò sì mọ olówó kankan bẹ̀rẹ̀ sí gba ibẹ̀ wọlé. Ní 1828, William Marsden dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ tí wọ́n wá ń pè ní Royal Free. Kò béèrè lẹ́tà, kò sì béèrè owó. Èrò tó ń wọ́ lọ síbẹ̀ fi hàn bí àwọn tí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ti ń dá dúró síta ṣe pọ̀ tó.

Robert Bridges, tó di akéwì ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, ti ṣe dókítà rí ní irú ẹ̀ka yìí, ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1878 ó kọ ìròyìn nípa iṣẹ́ náà, ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀ fún gbogbo ayé rí. Láàárín ọdún kan, aláìsàn tó lé ní 30,000 ló kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó pín àkókò tó fi wò wọ́n, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú 2.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìdúró gígùn ti wá gbọ́dọ̀ wo bí iṣẹ́ àwọn dókítà ìgbà náà ṣe rí. Àwọn àgbà dókítà ilé ìwòsàn àánú kì í gba owó oṣù níbẹ̀. Àwọn olówó tí wọ́n ń lọ tọ́jú nílé ló ń bọ́ wọn. Wákàtí tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún tálákà jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ̀bùn náà kò sì gbọ́dọ̀ ṣòfò. Torí náà, àwọn aláìsàn ní láti ti pé síbẹ̀ kí dókítà tó dé, kó má bàa sí ìṣẹ́jú kan tí yóò jókòó láìrí ẹni wò. Àkókò dókítà ni wọ́n ń ṣọ́. Àkókò ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì kò jọ wọ́n lójú. Alágbàṣe tó pàdánù owó òòjọ́ rẹ̀, ìyá tó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò, kò sí ìwé tí wọ́n kọ àdánù wọn sí. Àwọn àgbà dókítà ti ń gba owó oṣù báyìí, ilé àánú sì ti di ti ìjọba ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n ètò tó fi àkókò aláìsàn ṣe ọ̀fẹ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Ní 1895, Royal Free yan obìnrin kan, Mary Stewart, sípò tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bi àwọn tó wá gba ìtọ́jú léèrè ipò wọn, kó lè mọ ẹni tó lágbára láti sanwó. Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn tẹ̀ lé e. Ó ran ọ̀pọ̀ tálákà lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ àwùjọ nílé ìwòsàn sì ń ka ara wọn sí ọmọ rẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àpò ti ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ara ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn.

Ojú ogun ni ẹ̀yà kejì yàrá ìdúró ti wá. Dominique Jean Larrey, oníṣẹ́ abẹ tó bá àwọn ọmọ ogun Faransé rìn nígbà Napoleon, ṣètò kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń sáré gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ìjà láti 1792. Ó fi lélẹ̀ pé ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ burú jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, ì báà jẹ́ ọmọ ogun lásán, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá. Èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un kárí ayé lónìí, triage, ti wá. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò ni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń pe ṣíṣa irun àgùntàn tàbí kọfí, kí èyí tó dáa má bàa dàpọ̀ mọ́ èyí tí kò dáa. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló wọ ẹnu àwọn oníṣègùn pátápátá.

Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọgbọ́n yìí ti gbà là, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ó yí ohun tí ìdúró jẹ́ padà. Ní ọjà, ní báńkì, níbi tí wọ́n ti ń ta epo, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ kúrò. Ẹni tó bá ka àwọn tó wà níwájú rẹ̀ mọ ìgbà tó máa kàn án. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣa èèyàn nípa bí àìsàn ṣe le tó, kíkà yẹn kò wúlò mọ́. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ lè dé ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́, kí èèyàn 20 dé lẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo wọn sì wọlé ṣáájú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọkàn ẹnì kan fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹnì kejì ń pọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni pé wọ́n ń fo òun. Ilé ìwòsàn Yale-New Haven ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ètò ṣíṣà yìí wọ ẹ̀ka pàjáwìrì ti ará ìlú, E. Richard Weinerman àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sì kọ nípa rẹ̀ ní 1966.

Ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀ nígbà náà ni pé èrò ti bo ibẹ̀. Ní 1930, nǹkan bí 40 nínú 100 ìgbà tí dókítà àti aláìsàn bá pàdé ní Amẹ́ríkà, ilé aláìsàn ni dókítà lọ. Nígbà tó fi di 1950, ó ti já sí 10 nínú 100. Ní 1980 kò tó 1 mọ́. Irinṣẹ́ tuntun tí kò ṣe é gbé sínú àpò wà nílé ìwòsàn, òfin Hill-Burton ti 1946 sì fi owó ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná lóru tí kò rí dókítà pè mọ́, yàrá pàjáwìrì ló máa gba lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni lóòótọ́ ní ibi púpọ̀, àwọn dókítà tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sì ni wọ́n ń yàn síbẹ̀ ní ìgbà-dé-ìgbà, yálà wọ́n mọ iṣẹ́ pàjáwìrì tàbí wọn ò mọ̀ ọ́n. Ní 1961, James Mills àti àwọn dókítà mẹ́ta mìíràn ní Alexandria, ní ìpínlẹ̀ Virginia, fi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn ìlú náà ní kíkún, tọ̀sán-tòru. Àwọn dókítà irú wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1968. Yunifásítì Cincinnati bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn pàjáwìrì ní 1970. Ní 1979 ni wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tó dá dúró.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń níyì ni ìwà ìkà kan ń gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ń ti aláìsàn tí kò ní ìnṣọ́ránsì lọ sí ti ìjọba, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Ní 1986, òfin ìjọba àpapọ̀ fòpin sí i lórí ìwé: ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó Medicare, ètò ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tó sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì gbọ́dọ̀ yẹ ẹnikẹ́ni tó bá wá wò, kó sì tọ́jú rẹ̀ títí ewu yóò fi rọlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ owó dá a dúró. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò pèsè owó tí wọ́n máa fi ṣe é, kò sì sọ iye wákàtí tí aláìsàn lè fi jókòó. Ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́. Bẹ́ǹṣì ló gùn sí i.

Ọdún 1991 ni wọ́n tó bi àwọn tó lọ léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Ìwádìí méjì jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, JAMA, méjèèjì láti ilé ìwòsàn ìjọba ní California. Ní Harbor-UCLA, David Baker, Carl Stevens àti Robert Brook tọpa àwọn tó dìde lọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó dúró. Àwọn tó lọ kì í ṣe aláìnísùúrù rárá: wọ́n ti jókòó ju wákàtí 6 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú iye wákàtí tí àwọn tó rí dókítà fi dúró. Bí nọ́ọ̀sì ṣe díwọ̀n àìsàn wọn kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. Nígbà tí àwọn dókítà gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò, 46 nínú 100 àwọn tó lọ ló yẹ kí wọ́n rí dókítà lójú ẹsẹ̀, 29 mìíràn sì yẹ kí wọ́n rí i láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, 11 nínú 100 ti dèrò ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní láti ṣiṣẹ́ abẹ pàjáwìrì fún àwọn mẹ́ta.

Ìwádìí kejì, tí Andrew Bindman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn San Francisco General, rí i pé 15 nínú 100 ló lọ láìrí dókítà. Nígbà tí wọ́n padà kàn sí wọn, àwọn tó sọ pé ìrora tàbí àìsàn àwọn ti le sí i jẹ́ ìlọ́po méjì ti àwọn tí dókítà rí. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹni tó lọ ni kò ṣàìsàn.

Ó yẹ kí a fi èyí tó tẹ̀ lé e wọ̀n ọ́n. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Ontario, ní Kánádà, gbé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó pọ̀ gan-an yẹ̀ wò, wọn kò sì rí i pé ikú tàbí ìdápadà sílé ìwòsàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ pọ̀ lára àwọn tó lọ láìrí dókítà ju ti àwọn tó rí i lọ. Ohun tí wọ́n rí ló yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù: ní ọjọ́ tí ìdúró bá gùn, àwọn tí dókítà rí tó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé ló wà nínú ewu ikú ju ti ọjọ́ tí ìdúró kò gùn lọ. Ìdúró ń pa ẹni tó dúró pẹ̀lú.

Ibo wá ni ìdí rẹ̀ wà? Àwọn ará ìta máa ń tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà, pé àwọn tí orí ń fọ́ lásán ló kún ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni. Aláìsàn tí dókítà ti pinnu pé kó wọ wọ́ọ̀dù kò rí ibùsùn, torí náà ó wà lórí pákó tí wọ́n fi gbé e wọlé, ní àyè tó yẹ kí wọ́n ti wo ẹlòmíràn. Nígbà tí irú rẹ̀ bá pé 15 nínú ẹ̀ka tó ní àyè 20, àyè márùn-ún péré ló kù fún gbogbo ìlú. Omi tí wọ́n dí ojú ìṣàn rẹ̀ ló ń kún padà sínú ilé. Àjọ Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà kó iye rẹ̀ jọ ní 2006: láàárín 1993 sí 2003, iye ìgbà tí èèyàn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì gòkè láti mílíọ̀nù 90.3 sí mílíọ̀nù 113.9 lọ́dún. Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn kan náà, ẹ̀ka pàjáwìrì 425 ló ti pa, ibùsùn 198,000 ló sì pòórá nílé ìwòsàn. Kò sí bí nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ṣe lè yára tó tó lè fi ìkánjú dí àlàfo yẹn.

Ní Ìlú Ọba, ìjọba gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ìwòsàn sábẹ́ ètò ìlera kan ní 1948, owó sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ǹṣì kò kúrò. Ìgbìmọ̀ Platt ní 1962 dámọ̀ràn pé kí wọ́n dín àwọn ẹ̀ka náà kù, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù ní àwọn àgbà dókítà, kí wọ́n sì yí orúkọ wọn padà. Ní 2000, ìjọba ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2004, ẹnikẹ́ni kò ní lò ju wákàtí 4 lọ kó tó kúrò ní ẹ̀ka pàjáwìrì, yálà sílé tàbí sí wọ́ọ̀dù. Ìlérí yìí ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí láti ìgbà Bridges: ó sọ àkókò aláìsàn di ohun tí ọ̀gá ilé ìwòsàn máa jíyìn fún. Owó àti òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e, ìdúró sì kúrú lóòótọ́. Ó ní àléébù tirẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ń kúrò ní ẹ̀ka náà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kí wákàtí kẹrin tó pé, tó fi hàn pé aago ló ń tì wọ́n. Òṣùwọ̀n náà, ìyẹn iye àwọn tó gbọ́dọ̀ kúrò kí wákàtí 4 tó pé, ni wọ́n dín láti 98 sí 95 nínú 100 ní 2010. Ní 2011 wọ́n fi òmíràn kún un, pé àwọn tó bá lọ láìrí dókítà kò gbọ́dọ̀ tó 5 nínú 100. Oṣù Keje 2015 ni ilẹ̀ England dé 95 yẹn kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ Yorùbá ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí, lára àwọn tó ń pe orúkọ tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ.

Àwọn tó bá lọ ní ìdí tí wọ́n ń sọ, kò sì ṣòro láti lóye. Ọmọ wà nílé. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn fẹ́ lọ. Iṣẹ́ òru ti tó. Ebi ń pa wọ́n, wọn kò sì mọ̀ bóyá kí àwọn jẹun. Ìrora náà fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó sórí àga líle mọ́, èyí tó mú kí ó jẹ́ pé nígbà mìíràn ẹni tí ara ń ni jù ló ń lọ. Ní 1985, David Maister, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ìsìn oníbàárà, kọ àròkọ nípa ìdúró: ìdúró tí èèyàn kò mọ òpin rẹ̀ máa ń gùn lójú rẹ̀ ju èyí tó mọ̀ lọ, èyí tí wọn kò ṣàlàyé ń gùn ju èyí tí wọ́n ṣàlàyé, èyí tó bá sì jọ ìrẹ́jẹ ń gùn ju èyí tí kò jọ ọ́ lọ. Yàrá pàjáwìrì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ibì kan fi ń gbé iye wákàtí tó kù sára ògiri, tí wọ́n sì ń rán nọ́ọ̀sì kiri láti tún àwọn tó jókòó wò.

Ọgbọ́n mìíràn tún wá. Láti àwọn ọdún 1990, wọ́n pín ṣíṣà náà sí ìpele márùn-ún ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n ya ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún àwọn tí ìṣòro wọn kò le. Wọ́n gbé dókítà wá sẹ́nu ọ̀nà kó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò níbẹ̀. Àwọn tó ń lọ dín kù níbi tí wọ́n ti ṣe é. Síbẹ̀ ibùsùn ló ń pàṣẹ. Ìwádìí kan lórí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà rí i pé ní àwọn tó wà láàárín gbùngbùn, iye àwọn tó ń lọ láìrí dókítà gòkè láti 1.1 nínú 100 ní 2017 sí 2.1 ní ìparí 2021, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti tán àwọn òṣìṣẹ́ lókun. Ní àwọn tó burú jù, ó kúrò ní 4.4, ó sì dé 10.

Ní Nàìjíríà, irú ilé ìwòsàn ti Ìlú Ọba ni wọ́n kọ́, University College Hospital ní Ìbàdàn tó ṣí ní 1957 sì ni gbajúgbajà rẹ̀. Níbí, owó ló sábà máa ń lé aláìsàn ju aago lọ. Káàdì kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n máa fà sí i lára, tí ẹbí máa ń sáré lọ rà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìbọn bà tún ní ìdènà tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń béèrè ìwé ọlọ́pàá. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun: ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin 2017 sọ pé kí wọ́n má ṣe béèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ẹni tí ìbọn bà mọ́. Òfin 2014 kan náà ló dá owó ìlera ìpìlẹ̀ sílẹ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀, ó sì ya 5 nínú 100 rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọdún 2018 ni owó náà kọ́kọ́ wọ ìwé ìṣúná. Ẹni tó bá kúrò ní wọ́ọ̀dù láìgba ìmọ̀ràn dókítà máa ń fọwọ́ sí ìwé kí ó tó lọ, nítorí náà orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tó yí padà nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń ta káàdì kò fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan.